Olú inú igbó páìnì ní ilẹ̀ Landes: orúkọ, àwọ̀ àti ewu

Nígbà tí ọmọ Nàgó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà olú, ohun tí ó sábà máa ń wá sí i lọ́kàn ni olú tí ó hù ní ìdí ọ̀gán lẹ́yìn òjò, tàbí èyí tí ó hù lára ògbólógbòó igi ọ̀pẹ tí ó ti wó lulẹ̀. Èkínní, ikán ni ó ń bọ́ ọ nínú ilé rẹ̀. Èkejì, ohun tí ó ti kú tí ó sì ń jẹrà ni ó ń jẹ. Ṣùgbọ́n irú olú kẹta wà, tí kì í ṣe ikán ni ó ń bọ́ ọ, tí kì í sì í ṣe igi kíkú ni ó ń jẹ. Igi tí ó wà láàyè ni ó fi ṣe alábàágbé. Igbó páìnì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí àwọn onímọ̀ ti ń rí irú olú bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù, àti pé ní igbó páìnì ti ilẹ̀ Landes, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, ọ̀kan nínú wọn ti dá ọ̀ràn kan sílẹ̀ tí ó kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ ìwé fún àwọn tí ó ń kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà.

Ilẹ̀ Landes wà ní etí òkun Atlantic, ní ìsàlẹ̀ ìlú Bordeaux. Iyanrìn ni ilẹ̀ náà, kò sì lọ́ràá. Títí di ìdajì ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, pápá gbalasa àti àbàtà ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, tí àwọn darandaran sì ń rìn lórí ọ̀pá gígùn méjì tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ kí wọ́n lè máa ríran rí àgùntàn wọn, kí omi má sì mù wọ́n lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 1857 ni ìjọba ṣe òfin kan tí ó pa á láṣẹ fún àwọn ìlú kéékèèké ibẹ̀ pé kí wọ́n la ọ̀nà fún omi, kí wọ́n sì gbin igi. Igi páìnì etí òkun, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Pinus pinaster, ni wọ́n gbìn. Lónìí igbó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan hẹ́kítà, ọwọ́ àwọn onílẹ̀ aládàáni ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì wà. Bí páìnì ti ń tàn ká ni pápá àwọn darandaran ń parẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì di ẹni tí ń kọ igi lára láti gba oje rẹ̀, iṣẹ́ tí òun náà parí ní ìgbà tí ó súnmọ́ ọdún 1990.

Èdè tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ nínú ilé kí Faransé tó borí ni Gascon, tí ó jẹ́ ẹ̀ka kan lára èdè Occitan. Félix Arnaudin, tí a bí ní ọdún 1844 tí ó sì kú ní ọdún 1921, lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ láti kó orin, àlọ́ àti ọ̀rọ̀ èdè náà jọ, ó sì ya àwòrán àwọn darandaran àti pápá wọn kí wọ́n tó pòórá. Àwọn ará àdúgbò rẹ̀ kò ka iṣẹ́ náà sí iṣẹ́ gidi. Ọ̀rọ̀ Gascon mélòó kan ṣì wà lẹ́nu àwọn tí kò lè sọ odindi gbólóhùn kan mọ́ nínú èdè náà, orúkọ olú sì wà lára wọn. Cèpe tí gbogbo ọmọ Faransé ń pe olú kan tí ó ní ẹsẹ̀ ńlá, láti inú Gascon ni wọ́n ti yá a: cep, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìtì igi, nítorí pé ẹsẹ̀ olú náà ki bí ìtì.

Kí a tó dé orí àwọn orúkọ yòókù, ó yẹ kí a sọ bí olú àti páìnì ti ń gbé pọ̀. Ohun tí ènìyàn ń rí lórí ilẹ̀ tí ó sì ń ká, èso lásán ni, gẹ́gẹ́ bí ọsàn ti jẹ́ èso lórí igi ọsàn. Olú gan-an wà nínú ilẹ̀: fọ́nrán funfun tín-ín-rín tí ó pọ̀ lọ súà, tí ó ń rákò láàárín iyanrìn àti ewé jíjẹrà. Nígbà tí fọ́nrán wọ̀nyí bá kan ṣóńṣó gbòǹgbò páìnì, wọ́n á wé e bí ìbọ̀sẹ̀ ti í wé ẹsẹ̀, wọn á sì wọ àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ láìpa á lára. Láti ibẹ̀ ni pàṣípààrọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Igi ń fún olú ní ṣúgà tí ewé rẹ̀ fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe. Olú ń fún igi ní omi, nítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí fọ́nrán rẹ̀ lọ wá ní ibi tí gbòǹgbò kò lè dé. Nínú iyanrìn tí kò lọ́ràá bí ti Landes, ìrànlọ́wọ́ yìí kì í ṣe àfikún lásán fún igi.

Albert Bernhard Frank, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó fún àjọgbé yìí ní orúkọ ní ọdún 1885. Ìjọba Prussia ni ó ní kí ó wádìí bí wọ́n ṣe lè máa gbin olú iyebíye kan tí ń hù nínú ilẹ̀. Kò rí ọ̀nà gbígbìn náà, ṣùgbọ́n ó rí ohun tí ó ju èyí lọ. Ó fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ṣe orúkọ kan: mykes, olú, àti rhiza, gbòǹgbò. Èdè Faransé gbà á ní mycorhize. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí bí ó ti wà, bí ẹni pé kò ṣeé sọ ní èdè mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun àdììtú kan nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ọ́ fún àgbẹ̀ Sábẹ̀ẹ́ tàbí Kétu lè wí pé olú-alábàágbòǹgbò-gbé, tí ó gùn díẹ̀, tàbí olú gbòǹgbò, tí ó kúrú tí ó sì tọ̀nà bí Frank ti ṣe tirẹ̀. Ewu kan ṣoṣo tí ó wà nínú èyí èkejì ni pé ẹni tí ó gbọ́ ọ lè rò pé olú náà ń hù jáde lára gbòǹgbò. Nítorí náà, ó yẹ kí àlàyé tẹ̀lé e ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ó bá farahàn nínú ìwé.

Pé páìnì kò lè ṣe dáadáa láìsí olú rẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ wà ní erékùṣù Puerto Rico. Láti nǹkan bí ọdún 1930 ni wọ́n ti ń gbìyànjú láti gbin páìnì níbẹ̀. Irúgbìn a hù, a dàgbà díẹ̀, a pọ́n lójú ewé, a sì kú. Ní ọdún 1955 wọ́n kó ilẹ̀ láti abẹ́ páìnì ní North Carolina, ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì dà á sí ìdí àwọn irúgbìn kan. Àwọn wọ̀nyí dàgbà. Àwọn tí wọn kò da ilẹ̀ náà sí ràn ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú, nítorí pé kò sí páìnì kan tí ó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Ibikíbi tí a bá ti rí i, ènìyàn ni ó gbé e wá, ó sì di dandan kí olú rẹ̀ bá a wá. Àwọn igi ilẹ̀ wa tí wọ́n ní irú àjọgbé bẹ́ẹ̀ ní olú tiwọn. Nínú igbó ọ̀dàn ilẹ̀ Benin, ní Ouémé-Supérieur àti Wari-Maro, abẹ́ igi Isoberlinia àti Uapaca ni a ti ń rí wọn, gẹ́gẹ́ bí ìwé tí De Kesel, Codjia àti Yorou ṣe jáde ní ọdún 2002 lórí olú jíjẹ ilẹ̀ Benin ti fi hàn.

Ní Landes, òjò ìparí oṣù kẹjọ àti ti oṣù kẹsàn-án ni ó ń mú olú jáde. Cèpe ni ó ń ṣíwájú. Òun ni ó lówó lórí jùlọ, nítorí rẹ̀ ni àwọn onígbó sì fi ń kan pátákó mọ́ igi pé kí ẹnikẹ́ni má ká olú níbẹ̀. Òfin ilẹ̀ Faransé sọ pé onílẹ̀ ni ó ni ohun tí ó hù lórí ilẹ̀ rẹ̀, olú pẹ̀lú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Lactarius deliciosus, tí a bá gé e, oje tí ó pupa bí ọsàn pípọ́n á ṣẹ̀ jáde, bí ó bá sì pẹ́ díẹ̀, ibi tí ọwọ́ kàn án á di àwọ̀ ewé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ó ti bàjẹ́. Nígbà tí òtútù bá ti wọlé, tí olú yòókù ti ń dínkù, ni bidaou ń yọ orí jáde láti inú iyanrìn.

Bidaou ni orúkọ rẹ̀ ní Gascon. Àwọn mìíràn ń pè é ní jaunet tàbí canari nítorí àwọ̀ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ni Tricholoma equestre, èyí tí ó ti inú orúkọ tí Linnaeus fún un wá. Equestre sì jẹ mọ́ ẹni tí ń gun ẹṣin. Àwọn ènìyàn a máa wí pé olú náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀tọ̀kùlú ẹlẹ́ṣin fi pa á mọ́ fún ara wọn, tí wọ́n sì fi olú mìíràn tí ó ń hù nínú igbó páìnì kan náà, èyí tí orúkọ rẹ̀ jẹ mọ́ màlúù, sílẹ̀ fún àwọn tí ń da màlúù. Bóyá òótọ́ ni tàbí àlọ́, orúkọ náà ti gbé ìdájọ́ kan dání: ó sọ fún ẹni tí ó gbọ́ ọ pé olú yìí dára. Iyanrìn máa ń wọ abẹ́ orí rẹ̀, èyí sì mú kí fífọ̀ rẹ̀ le. Àwọn ará Landes fi ara da èyí láti ìran dé ìran.

Láàárín ọdún 1992 sí ọdún 2000, ènìyàn 12 dé ilé ìwòsàn ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé pẹ̀lú àìsàn kan náà. Gbogbo wọn ni ó ti jẹ bidaou, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan: ó kéré tán, oúnjẹ mẹ́ta tẹ̀léra. Ní ọjọ́ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn oúnjẹ ìkẹyìn, àárẹ̀ dé, iṣan itan bẹ̀rẹ̀ sí dùn wọ́n, ẹsẹ̀ kò gbé wọn dáadáa mọ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé iṣan ara wọn ń tú, tí ohun inú rẹ̀ sì ń dà sínú ẹ̀jẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn kú. Àwọn dókítà tí wọ́n tọ́jú wọn gbé ọ̀rọ̀ náà jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 nínú New England Journal of Medicine. Ní ọdún 2005, ìjọba ilẹ̀ Faransé fi òfin dá títà olú náà dúró.

Ohun tí ó ṣòro láti gbà níhìn-ín ni pé àwọn tí ó kú kò ṣèèṣì. Wọn kò ká olú mìíràn ní ipò bidaou. Olú tí ìyá wọn mọ̀, tí ìyá ìyá wọn mọ̀, tí ìwé pẹ̀lú yìn, ni wọ́n jẹ. Ìmọ̀ tí a jogún kò purọ́ fún wọn. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó yẹ kí ó sọ ni ó sọ. Ẹni tí ó bá jẹ awo kan ní ọdún kan kò ní ohun tí yóò jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ọdún tí olú bá pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, tí ènìyàn ń jẹ ẹ́ ní àárọ̀ àti ní alẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ni ọ̀ràn ń wá, àìsàn náà kì í sì í tètè dé kí ènìyàn tó lè so ó mọ́ oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí láàárín àwọn onímọ̀. Ní ọdún 2006, àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Finland fi oríṣi olú mìíràn tí gbogbo ènìyàn ń jẹ bọ́ eku púpọ̀púpọ̀, wọ́n sì rí àmì ìpalára iṣan tí ó jọ ti bidaou. Nítorí náà àwọn kan ń bèèrè bóyá bidaou nìkan ni ó jẹ̀bi, tàbí àjẹjù, tàbí àìlera kan tí ó ti wà nínú ara àwọn ènìyàn wọ̀nyí tẹ́lẹ̀. Ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀ tí ó yẹ kí ó wu onímọ̀ èdè láti gbọ́. Nígbà tí wọ́n fi DNA yẹ Tricholoma aláwọ̀ ìyeyè ti àríwá Yúróòpù wò, ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2017 fi hàn pé ohun tí wọ́n ń pè ní orúkọ kan ṣoṣo ju oríṣi kan lọ. Ọ̀kan ń bá páìnì gbé, òmíràn ń bá igi pọ́púlà gbé. Ojú kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Nítorí náà, orúkọ onímọ̀, tí a máa ń rò pé ó dúró ṣinṣin nígbà tí orúkọ ìbílẹ̀ ń yí láti abúlé dé abúlé, òun náà bo ju ohun kan lọ mọ́lẹ̀.

Àwọ̀ nìkan kò sì tó láti dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Amanita phalloides, tí ó ń pa ènìyàn ju olú mìíràn lọ ní Yúróòpù, ní orí tí ó máa ń rí bí ewé tí ó ń pọ́n bọ̀, èyí tí ojú ẹni tí ń kánjú lè kà sí àwọ̀ bidaou. Ìyàtọ̀ wọn wà ní abẹ́ orí àti ní ìdí. Àwọn pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí ó tò sí abẹ́ orí bidaou ní àwọ̀ ìyeyè. Ti Amanita yìí funfun. Amanita ní òrùka ní ọrùn àti àpò funfun ní ìdí tí ilẹ̀ sábà máa ń bò mọ́lẹ̀. Bidaou kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹni tí ó bá fi ọ̀bẹ gé olú láti òkè ti fi ẹ̀rí tí ó ṣe pàtàkì jù sílẹ̀ sínú ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbàgbọ́ àtijọ́ pé ṣíbí fàdákà á di dúdú nínú ìkòkò olú olóró kò ní òótọ́ kankan nínú, pé kòkòrò ti jẹ lára rẹ̀ kò sì fi hàn pé ó dára fún ènìyàn. Ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀dọ̀ àwọn apòògùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbé apẹ̀rẹ̀ olú wọn lọ kí wọ́n tó sè é, nítorí pé wọ́n ń kọ́ àwọn apòògùn ní ìmọ̀ olú ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga.

Àwọn tí ń ṣe ìwé kíkà fún ẹ̀kọ́ àgbà ní ilẹ̀ Nàgó yóò bá ìṣòro mẹ́ta pàdé níhìn-ín. Àkọ́kọ́ ni ti àwọ̀. Èdè Yorùbá ní dúdú, funfun àti pupa gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀. Pupa sì gba ẹ̀jẹ̀, ọsàn pípọ́n àti ìyeyè mọ́ra. Bí a bá kọ ọ́ pé "olú pupa ni," Lactarius wà níbẹ̀, bidaou wà níbẹ̀, olú olóró kan tí orí rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀ tí ó sì ní ẹ̀ka funfun tótòtó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èyí kì í ṣe àléébù èdè, nítorí pé Yorùbá ní ọ̀nà tirẹ̀ láti pín in sí wẹ́wẹ́: pupa rúsúrúsú, pupa fòò, pupa bí ìyeyè tí ó pọ́n. Àléébù náà wà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé tí ó túmọ̀ jaune sí pupa tí ó sì kọjá lọ.

Èkejì ni orúkọ ẹ̀yà. Pé Amanita ń pani ní Yúróòpù kò sọ pé gbogbo Amanita ni ó ń pani: ní ilẹ̀ Benin àwọn Amanita kan wà tí àwọn ènìyàn ń jẹ láìsí ewu. Ẹni tí ó bá túmọ̀ ìkìlọ̀ ìwé Faransé sí Nàgó láìyí i padà yóò máa dẹ́rù ba àwọn ìyá tí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọn kò sì ní gbà á gbọ́ mọ́ nígbà tí ó bá sọ òótọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wọ̀nyí ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí a kọ orúkọ tí wọ́n ń pe olú sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ igi tí ó wà nítòsí rẹ̀ àti oṣù tí wọ́n ti rí i.

Ẹ̀kẹta ni gbólóhùn náà "ó ṣeé jẹ". Nínú gírámà, gbólóhùn yìí kò ní iye, kò ní àkókò, kò sì sọ ẹni tí ó ń jẹ. Bidaou ṣeé jẹ fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Àwọn tí ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sọ bẹ́ẹ̀ títí di òní. Nínú ìwé tí àgbà kan yóò dá kà nínú ilé rẹ̀ láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sàn kí a kọ pé "àwọn ará ibí yìí ń jẹ ẹ́, wọ́n ń sè é báyìí, wọn kì í jẹ ẹ́ lójoojúmọ́", bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti wí. Gbólóhùn náà gùn ju "ó ṣeé jẹ" lọ, ẹni tí ń kọ́ àwọn olùbẹ̀rẹ̀ a sì máa fẹ́ gbólóhùn kúkúrú. A lè pín in sí mẹ́ta.

Òfin ọdún 2005 kò bá ẹni tí ó ká bidaou fún ìkòkò ara rẹ̀ wí. Ọjà ni ó dá dúró, àti fífi í tọrẹ fún ẹlòmíràn. Nínú igbó Landes, nígbà tí òtútù bá dé, iyanrìn ṣì ń là lórí bidaou bí ó ti ń là tẹ́lẹ̀, àwọn arúgbó kan sì ṣì ń bẹ̀rẹ̀ ká a.